Ìkọ́ Ẹnu Kànga

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú, kí ara lè tù mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan láti yunifásítì wá bá mi nílé mi ní Ayégbajú. Ọmọ dáadáa ni o. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé búrẹ́dì wá. Ó ní òun ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Mo ní ó dára. Ló bá ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, "Bàbá, gbogbo ọdún tí ẹ fi gbẹ́ kànga yìí, tí ẹ bá fẹ́ pinnu nǹkan, ṣé orí lẹ fi ń pinnu ni àbí ọkàn? Èwo ló dára jù?"

Mo ní, "Ìwọ náà, tí o bá ń jẹun, ṣé ẹnu lo fi ń jẹ ẹ́ ni àbí ọ̀fun?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí nǹkan tí wọn kì í kọ sílẹ̀!

Ó ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá tan rédíò, ẹnìkan á máa sọ pé ká fi ọgbọ́n orí ṣe nǹkan, ká má jẹ́ kí ojú àánú tàn wá. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ohun tí ọkàn bá ti balẹ̀ sí ni ká ṣe. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn náà á pè mí, á ní, "Dádì, ẹ ronú dáadáa." Mo ń gbọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú yín tó dúró lẹ́nu kànga rí nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí kò mira mọ́. Èmi dúró níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ yìí kò gùn. Mo jáde ilé ìwé, owó kò sí láti tẹ̀síwájú, bàbá mi mú mi lọ sí Ìfàkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ajíbádé. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé, bàbá mi padà sílé, mo di ọmọ iṣẹ́. Ó tán.

Ọkùnrin yẹn le! Odindi ọdún kan, n kò fọwọ́ kan dígà. Erùpẹ̀ ni mo ń gbà lẹ́nu kànga, tí mo ń rù ú lọ dà nù. Tí mo bá da erùpẹ̀ sí ìtòsí, á ní kí n kó gbogbo rẹ̀ padà, kí n rù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Tí mo bá béèrè ìdí, á ní, "Uṣẹ́ yìí, ẹni tó ń béèrè ìdí lẹ́nu rẹ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀." Èkìtì ponbele ló ń sọ, kì í pe ilé ní ilé, ulé ni. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Nǹkan méjì wà tí kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkínní ni fìtílà oníkẹrosíìnì kan tó ti dúdú. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, á tan fìtílà yẹn, á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Tí iná bá ń jó, atẹ́gùn tó dára wà níbẹ̀. Tí iná bá kú, kò sí ẹni tó máa wọlé lọ́jọ́ náà. Èkejì ni ìkọ́ irin ẹlẹ́nu mẹ́ta tí alágbẹ̀dẹ rọ fún un, irú èyí tí a fi ń yọ garawa tó bá já sínú omi.

Ìkọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, Bàbá Ajíbádé á ju garawa sínú kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á ní kí n fi ìkọ́ yọ ọ́. Ìyẹn nìkan ìbá dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ okùn kalẹ̀, á dúró sẹ́yìn mi, á gbé ẹnu sí mi létí, á máa figbe ta: "Yéè! Ọmọ mi o! Ó ń kú lọ o! Ẹ gbà mí o!" Ọkùnrin tó ti hu irun funfun! Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ìkọ́ á máa kọlu ara kànga, á sì gbá mi lọ́wọ́. "Tún un ṣe." Ọdún mẹ́ta! Àwọn ará àdúgbò kì í tilẹ̀ yọjú wò wá mọ́. Mo sá padà sílé lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi mú mi padà lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi pátápátá. Mo ju okùn sílẹ̀, mo yíjú sí i, mo ní, "Ọ̀gá, garawa ni! Kì í ṣe ọmọ yín!"

Mo ti múra de ìgbátí. Kò gbá mi. Ó kàn wò mí, ó lọ jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀, ó gbé orí lé ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí sí ìdáná. Ó ní ọmọkùnrin méjì ni àwọn bí. Ó ní àkọ́bí wọ inú kànga kan ní ìlú kejì, atẹ́gùn burúkú mú un, ó ṣubú. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́nu kànga. Ó kígbe, ó bẹ́ wọlé tẹ̀lé e láti lọ gbé e, òun náà ṣubú. Ọkùnrin mẹ́fà ló di bàbá wọn mú kí ó má bàa di ẹnì kẹta. Ó ní, "Ìkọ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀."

Mo jáde, mo gbé okùn, mo sọ ìkọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. N kò bínú sí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi nígbà tí mo gba òmìnira: tí ẹnìkan bá ṣubú nínú kànga, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Ìkọ́ ni kí ó wọlé. Ó fún mi ní ìkọ́ náà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi, Ayégbajú, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó, kò síbi tí n kò gbẹ́ kànga dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè orí àti ọkàn, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn onílé. Ọkùnrin kan ní Ìrèlé ní àfi dandan kí n gbẹ́ ẹ síwájú yàrá ìyá òun tó ti kú, kí ìyá lè máa bù kún omi náà. Mo ní àpáta wà níbẹ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbẹ́ ẹ, àpáta la bá, kò sí omi títí dòní. Èkejì wà ní Ìkọ̀lé, ọ̀mọ̀wé gidi, ó fi rúlà fa ìlà sórí ìwé. Gbogbo rẹ̀ ló wọ̀n tán, ó sì ní kí n gbẹ́ kànga sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ṣalanga, nítorí pé ibẹ̀ ló bá ìlà rẹ̀ mu. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa mu ún o." Ó ní ìṣirò òun kò lè tàn òun. Ẹ jọ̀wọ́, nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ní orí?

Ohun èlò náà ń yí padà. Garawa páànù di rọ́bà. Okùn inú igbó di okùn ọ̀rá. Dígà àti ṣọ́bìrì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé a ń fi sìmẹ́ńtì mọ ògiri inú kànga, kó tó di pé ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi dé. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má ṣe gbé ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láé. Èéfín rẹ̀ ń pani, fìtílà kò sì mọ̀ ọ́n. Iná á máa jó, ẹ̀yin á máa kú. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ bọ̀hóòlù wá dé ní tiwọn pẹ̀lú mọ́tò gàgàrà. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́, wọ́n á fi wákàtí díẹ̀ gbẹ́ ẹ. N kò bá wọn jà. Orúnkún mi ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Jídé báyìí.

Jídé ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ilẹ̀ tó lómi, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri kànga. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ti ìkọ́ yẹn, n kò kọ́ ọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo la ẹnu láti kígbe pé ó ń kú lọ, ẹnu mi kọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ṣebí mo wà níbẹ̀, kí ni mo tún ń dá a lóró sí? Ẹ rí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo ń bú onílé Ìrèlé!

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ọ̀yẹ́, gbogbo ẹni tó nílé ló ń sọ ọ́ di ilé akẹ́kọ̀ọ́. Màmá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ránṣẹ́ pè mí kí n wá kó pàǹtí kúrò nínú kànga tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi páànù bo kànga náà. Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Jídé, àti Gàníyù tó ń bá wa fa garawa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sán gangan. Nígbà tí a ṣí páànù, òórùn ewé tó ti jẹrà kọlù wá. Mo ní kí Jídé tan fìtílà. Fìtílà kò ní kẹrosíìnì. Mo ti rán an létí láti àná.

Ẹ wò ó, mo mọ ara mi. Inú tètè máa ń bí mi, ẹnu mi kò sì níjàánu. Mo bẹ̀rẹ̀. "Kẹrosíìnì lásán! Ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta! Kí lo ń fi orí rẹ ṣe, ṣé kí o lè máa dé fìlà ni?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé náà tó ti ibòmíì pọn omi dé, tí wọ́n dúró ti garawa wọn, bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo tún fi kún un. Ojú Jídé kàn ṣú. Mo gun ọ̀kadà, mo ní èmi fúnra mi á lọ ra kẹrosíìnì, mo sì ń sọ̀rọ̀ náà lọ létí ọlọ́kadà títí a fi dé oríta.

Nígbà tí mo padà dé, Gàníyù ló wà lẹ́nu kànga tó ń pè, "Bọ̀ọ̀dá Jídé! Bọ̀ọ̀dá Jídé!" Ó ní bí mo ṣe lọ tán ni Jídé sọ pé, "Ṣé ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí ni? Kí ó tó dé, màá ti kó o tán." Kò so okùn mọ́dìí. Ó gba ojú ihò ẹsẹ̀ ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Kò tíì kó garawa kan tán tó fi jókòó lójijì tí kò dáhùn mọ́. Ó ní kò tíì pẹ́ rárá.

Mo bojú wo ìsàlẹ̀. Mo rí i tó jókòó, tó sorí kodò. Kí n tó gbé ojú sókè, ẹsẹ̀ Gàníyù kan ti wọ inú kànga. Mo gbá a mú ní ṣòkòtò, mo fà á, àwa méjèèjì ṣubú lulẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n lọ! Ó ń kú lọ!" Mo gbá a létí. Màmá onílé ti káwọ́ lérí: "Yéè! Àbúrò rẹ ni o! Wọlé lọ! Ọkùnrin wo rèé? Ó ń kú lọ o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, ọ̀kan ti gbé fóònù sókè.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí fún èmi? Ẹsẹ̀ tèmi náà ti wà létí kànga. Èmi gan-an. Gbogbo ara mi ló fẹ́ bẹ́ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo ronú. Ta ló ráyè ronú? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo gbọ́ igbe yẹn létí mi, "Ó ń kú lọ o," ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bí Bàbá Ajíbádé ṣe ń kígbe rẹ̀ ní Ìfàkì. Ọwọ́ mi sì fúnra rẹ̀ lọ bá ìkọ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn wa.

Mo ní kí Gàníyù já ẹ̀ka máńgòrò eléwé, kí ó so ó mọ́ okùn, kí ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó máa fà á sókè láti fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa da omi wọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí atẹ́gùn ibẹ̀ lè dàrú. Mo sọ ìkọ́ kalẹ̀. Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, mo fà á, ẹ̀wù ya. Mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wọ ẹran ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi pé ẹran ni. Mo tú u. Màmá onílé ń bú mi, ó ń bú ìyá mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú bẹ́líìtì. Èmi, Gàníyù àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì la fà á. Ó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ń lù ú láyà, mo ń pè é ní gbogbo orúkọ tí ìyá wa fún un. Ó húkọ́, ó bì, ó la ojú.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó padà sílé. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e kúrò níbẹ̀, mo ní kí Gàníyù tan fìtílà, kí ó sọ ọ́ sínú kànga. Kò tíì dé àárín tí iná fi kú, àní lẹ́yìn gbogbo ewé àti omi yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó. Ká ní mo wọlé, òkú méjì ni ì bá wà nínú ilé yín." Ó wo fìtílà, ó wò mí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ni."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Kí ló kù? Ìtàn náà dé Ayégbajú ṣáájú wa. Wọ́n ní mo fi ìkọ́ garawa yọ ọmọ ìyá mi bí ìgbà tí èèyàn ń yọ garawa. Ìyá wa gan-an, títí tó fi kú, tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, á kàn béèrè pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé o ò wọlé?" Màá ní lóòótọ́ ni. Á mi orí.

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí Jídé dúró lẹ́nu kànga mọ́ tí èmi bá wà nísàlẹ̀. Gàníyù ló ń di okùn mi mú. Jídé fara dà á fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń wa takisí láti Ìfàkì sí Adó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Tí ó bá wá kí mi lọ́dún, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹnu mi kò níjàánu.

Ẹ wá wo nǹkan. Olùkọ́ tó gbé búrẹ́dì wá fún mi yẹn, takisí Jídé ló wọ̀ padà. Ó ń ròyìn bàbá kan ní Ayégbajú tó bi òun bóyá ẹnu ni èèyàn fi ń jẹun àbí ọ̀fun. Jídé mọ̀ pé èmi ni. Ó tún ku ẹlòmíì ni? Ní ọjọ́ Sátidé, ó dé, ó sì wọlé jókòó sí àga tó sún mọ́ mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ìbéèrè kan ni mo bá wá."

"Ìwọ náà? Ṣé o gbé ìwé dání ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Ọ̀yẹ́ yẹn, mo ti gbà pé ẹ ṣe é dáadáa. Mo wà láyé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n di okùn yín mú mọ́? Gàníyù tí kì í ṣe ọmọ ìyá yín lẹ fọkàn tán. Ṣé mo ti wá di aláìlórí lójú yín ni?"

Mo ní, "Jídé, ká ní èmi ni mo wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí lo máa ṣe?"

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Màá bẹ́ wọlé ni! Kí lẹ tún ń bi mí sí? Màá bẹ́ wọlé ni!"

"Mo mọ̀," mo ní. "Ìdí nìyẹn."

Mo tún ní, "Gàníyù fẹ́ bẹ́ wọlé lọ́jọ́ yẹn, mo gbá a létí, mo sì fi oṣù mẹ́ta kígbe sí i létí pẹ̀lú ìkọ́ lọ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbọ̀n mọ́. Ìwọ ni n kò lè ṣe é fún. Mo la ẹnu, ẹnu kọ̀. Ẹnu tó sì yẹ kí n pa mọ́ lẹ́nu kànga Ọ̀yẹ́, òun ni mo là. Ẹnu mi ló tì ọ́ sínú ibẹ̀, Jídé. Jọ̀wọ́, má bínú."

Ó ní, "Ẹnu yín? Ẹnu yín ti ń tì mí kiri láti kékeré, Bọ̀ọ̀dá." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo dìde. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo yọ ìkọ́ níbi tí mo gbé e kọ́ sí lára ògiri, mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ju garawa sínú kànga mi. Mo kó okùn lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó wò mí bíi pé mo ya wèrè. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ẹnu sí i létí, mo kígbe: "Yéè! Bọ̀ọ̀dá rẹ o! Ó ń kú lọ o! Jídé, ó ń kú lọ o!"

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ìkọ́ kọlu ara kànga. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Garawa ni, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Mo mọ̀," mo ní. "Tún un ṣe."